Mọ́nítọ̀ fífẹ̀ fún géèmù àti àtúnṣe fídíò: kí ni àwọn nọ́ńbà ara páálí ń sọ gan-an?

Íǹṣì ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sára páálí mọ́nítọ̀, òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ ṣi ènìyàn lọ́nà. "34 íǹṣì" kì í ṣe bí ojú mọ́nítọ̀ ṣe fẹ̀ tó, kì í sì í ṣe bó ṣe ga tó. Láti igun òkè lápá kan ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n lọ sí igun ìsàlẹ̀ lápá kejì. Nígbà tí ọ̀pọ̀ jù lọ mọ́nítọ̀ ṣì jẹ́ 16:9, ìyẹn 16 ní fífẹ̀ sí 9 ní gíga, ọ̀rọ̀ yìí kò da ẹnikẹ́ni láàmú: èyí tí íǹṣì rẹ̀ bá pọ̀ jù ló tóbi jù. Ṣùgbọ́n látìgbà tí àwọn tó fẹ̀ gbọọrọ ti dé, àwọn tí wọ́n ń pè ní ultrawide, tí wọ́n jẹ́ 21:9 tàbí 32:9, íǹṣì nìkan kò sọ òótọ́ tán mọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi rúlà wọ̀n ọ́n. Mọ́nítọ̀ 27 íǹṣì oní 16:9 fẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà, ó sì ga tó nǹkan bíi 34. Ti 34 íǹṣì oní 21:9 fẹ̀ tó 80, àmọ́ gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 33 lọ. Gíga kan náà ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ní. 27 íǹṣì tí wọ́n fà gùn sọ́tùn-ún sósì ni 34 íǹṣì fífẹ̀. Bákan náà ni 29 íǹṣì fífẹ̀ kò ga ju 23 íǹṣì lásán lọ. Ti 49 íǹṣì oní 32:9 jẹ́ 27 íǹṣì méjì tí wọ́n so pọ̀ láìsí férémù láàárín: ó fẹ̀ tó 120 sẹ̀ǹtímítà, gíga rẹ̀ ṣì wà ní 34 náà. Èyí tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu jù ni ti 32 íǹṣì oní 16:9. Ó fẹ̀ tó 71 sẹ̀ǹtímítà, ó sì ga tó 40. Ẹ fi fífẹ̀ lu gíga, ẹ ó rí i pé ojú rẹ̀ gba àyè ju ti 34 íǹṣì fífẹ̀ lọ. Ẹni tó bá kúrò lórí 32 lọ sórí 34 nítorí pé ó fẹ́ èyí tó tóbi sí i, èyí tó kéré ló fowó rà.

Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni pé: iṣẹ́ tí a ń ṣe, ṣé fífẹ̀ ló ń jẹ ni àbí gíga?

Ẹni tó ń gé fídíò ló ń jèrè fífẹ̀ jù. Nínú sọ́fítíwíà bíi DaVinci Resolve tàbí Premiere Pro, gbogbo ègé fídíò àti ohùn ló ń tò sórí timeline, ìlà gbọọrọ kan tó lọ láti òsì sí ọ̀tún. Bí mọ́nítọ̀ bá ṣe fẹ̀ tó ni iye ìṣẹ́jú tí ẹ ó máa rí lẹ́ẹ̀kan náà ṣe máa pọ̀ tó, láìjẹ́ pé ẹ ń fà á síwá, ẹ ń fà á sẹ́yìn. Àyè á tún ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún àpótí àwọ̀, ti ohùn àti ti fáìlì. Ẹni tó ń ṣàtúnṣe fọ́tò ńkọ́? Ìyẹn dá lórí irú fọ́tò tó ń yà. Fọ́tò tó dùbúlẹ̀ á gbádùn ojú fífẹ̀. Èyí tó dúró, tó gbé ènìyàn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, gíga ló ń fẹ́. 32 íǹṣì oní 16:9 á ṣe é lóore ju 34 fífẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ pé fọ́tò ìdúró ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yín, èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn ultrawide rárá.

Ní ti géèmù, ojú fífẹ̀ a máa dùn púpọ̀ nínú eré ìje mọ́tò, eré ọkọ̀ òfuurufú, àti àwọn géèmù tí ènìyàn ti ń rìn kiri inú ayé ńlá. Géèmù tí wọ́n ṣe dáadáa á fi ohun tó wà lọ́tùn-ún àti lósì kún ohun tí ẹ ń rí. Àwọn kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gé orí àti ẹsẹ̀ àwòrán kúrò kó lè bá ojú náà mu, ìyẹn ni pé ohun tí ẹ rí tún dín kù. Àwọn mìíràn, pàápàá lára àwọn tí ènìyàn ti ń bá ènìyàn díje, á fi ọ̀pá dúdú méjì sí ẹ̀gbẹ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa fi mọ́nítọ̀ rí ju ẹlòmíràn lọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wádìí géèmù mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ ń gbá jù, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bóyá ó gba 21:9. Ẹni tó jẹ́ pé PlayStation 5 tàbí Xbox Series X ló fẹ́ so mọ́ ọn ní tirẹ̀ kò níṣẹ́ ìwádìí kankan láti ṣe: àwọn méjèèjì kì í gbé 21:9 jáde, ọ̀pá dúdú ni yóò máa wò lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo fẹ́ fi kékeré kan kún un kí n tó kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣe ìpàdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ sì máa ń fi gbogbo ojú kọ̀ǹpútà yín han àwọn ẹlòmíràn, ojú 32:9 á rí bíi okùn tín-ínrín lórí kọ̀ǹpútà tiwọn. Fèrèsé kan ṣoṣo ni kí ẹ máa fi hàn wọ́n.

Píksẹ́lì, àti ẹni tí yóò gbé ẹrù rẹ̀

Lẹ́yìn ìwọ̀n, ohun tó kàn ni iye píksẹ́lì, àwọn ẹyọ àmì kéékèèké tó ń kó ara jọ di àwòrán. Iye náà fúnra rẹ̀ kò tó láti fi mọ bí àwòrán ṣe máa mú tó. Bí wọ́n ṣe fún pọ̀ sínú íǹṣì kan ni ojú ń rí. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ fi iye píksẹ́lì ti fífẹ̀ lu ara rẹ̀, ẹ ṣe ti gíga bẹ́ẹ̀, ẹ ro méjèèjì pọ̀, ẹ wá ìdí rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìṣirò pẹ̀lú àmì √, kí ẹ wá fi íǹṣì pín in. Mọ́nítọ̀ 3440×1440 tó jẹ́ 34 íǹṣì á fún yín ní nǹkan bíi 110 píksẹ́lì nínú íǹṣì kan, bákan náà pẹ̀lú 27 íǹṣì oní 2560×1440. Ìyẹn dára. Lẹ́tà á mọ́, ẹ ò sì ní láti sọ fún Windows pé kó mú lẹ́tà tóbi.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ nìyí: 34 íǹṣì tí píksẹ́lì rẹ̀ jẹ́ 2560×1080 wà lórí àtẹ, owó rẹ̀ á sì fani mọ́ra. Nǹkan bíi 82 ni tirẹ̀ nínú íǹṣì kan. Etí lẹ́tà á máa ṣe págunpàgun, irun orí nínú fọ́tò ò sì ní yàtọ̀ síra wọn dáadáa. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn 45 íǹṣì tí wọ́n ṣì fi 3440×1440 sí. 83 ni wọ́n ní. Bí ẹ bá jókòó jìnnà díẹ̀, tó sì jẹ́ géèmù nìkan lẹ fẹ́ fi í ṣe, ó lè wù yín. Fún ẹni tó fẹ́ ṣe méjèèjì pọ̀, tèmi ni pé kó má ṣe lọ sí ìsàlẹ̀ 100.

Lókè níbẹ̀ ni 40 íǹṣì oní 5120×2160 wà, pẹ̀lú nǹkan bíi 139 nínú íǹṣì kan. Èyí ni mo rò pé a dìídì ṣe fún àwọn tó ń gé fídíò 4K. Àwòrán 4K jẹ́ 3840×2160. Lórí mọ́nítọ̀ 3440×1440, kò sí bí ẹ ṣe lè rí i tán ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, sọ́fítíwíà gbọ́dọ̀ sún un kì. Lórí 5120×2160, odindi àwòrán náà á jókòó, píksẹ́lì kan sórí píksẹ́lì kan, 1280 á sì tún ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún irin iṣẹ́.

Àmọ́ o, gbogbo píksẹ́lì yẹn ni ẹnìkan gbọ́dọ̀ yà, ẹni náà sì ni káàdì GPU inú kọ̀ǹpútà yín. Nínú géèmù, ó ní láti ya gbogbo wọn lákọ̀tun ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Ojú 1920×1080 ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.1 píksẹ́lì. Ti 2560×1440 jẹ́ 3.7. Ti 3440×1440 sún mọ́ 5, ìyẹn ni pé ẹni tó bá ti 2560×1440 bọ́ sórí ultrawide yìí fi ẹrù tó tó ìdá kan nínú mẹ́ta kún ti tẹ́lẹ̀. Ti 5120×1440 jẹ́ 7.4, kò jìnnà sí 4K tó jẹ́ 8.3. Ti 5120×2160 ju 11 lọ. Káàdì tó ń gbé géèmù kan dáadáa lórí 1920×1080 lè bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle lórí mọ́nítọ̀ tuntun, olówó rẹ̀ á sì máa rò pé mọ́nítọ̀ ló bàjẹ́. Mo ka èyí sí àṣìṣe tó ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: wọ́n á náwó tán sórí mọ́nítọ̀, wọn ò ní ṣẹ́ kù fún káàdì tó yẹ kó máa bọ́ ọ.

Ọgbọ́n kan wà tó ń dín ẹrù náà kù. DLSS ti Nvidia àti FSR ti AMD ń jẹ́ kí káàdì ya àwòrán kékeré, kí ó wá sọ ọ́ di ńlá lọ́nà tí ojú kò fi ní tètè mọ̀. Ó ṣiṣẹ́ gan-an lórí ojú tí píksẹ́lì rẹ̀ pọ̀, bí géèmù náà bá gbà á. Ní ti àtúnṣe fídíò àti fọ́tò, iye píksẹ́lì mọ́nítọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pa káàdì lára. Fáìlì tí ẹ ń tún ṣe gan-an ni ẹrù. Nítorí náà ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju géèmù lọ lè ra ojú tó mú gan-an pẹ̀lú káàdì tí kò lágbára púpọ̀.

Hz àti "1 ms"

Hz ni iye ìgbà tí mọ́nítọ̀ ń pààrọ̀ àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní 60 Hz, àwòrán kan á dúró fún mìlísẹ́kọ́ǹdì 16.7 kí òmíràn tó dé. Ní 144 Hz, ó di 6.9. Ní 240 Hz, ó di 4.2. Ẹ wo bí èrè náà ṣe ń kéré sí i: láti 60 dé 144, ẹ jèrè nǹkan bíi mẹ́wàá, láti 144 dé 240, kò pé mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni ló máa rí ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, kódà bó bá kàn ń mi ọfà máòsì kiri. Ìkejì, àwọn tó ń díje gidi ló ń wá a, káàdì wọn sì gbọ́dọ̀ lè ya àwòrán 240 náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ nọ́ńbà ara páálí ò já mọ́ nǹkan kan.

Ẹni tó ń gé fídíò kò nílò ju 60 lọ ní tòótọ́, torí pé fídíò ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn jẹ́ àwòrán 24, 25, 30 tàbí 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: 24 kò wọ inú 60 déédéé. Àwòrán kan á dúró ìgbà méjì, èyí tó tẹ̀ lé e á dúró ìgbà mẹ́ta, ìyẹn ló sì ń mú kí fídíò máa ta kọ́ṣẹ́-kọ́ṣẹ́ nígbà tí kámẹ́rà bá rọra yí. 24 wọ inú 144 ní ìgbà mẹ́fà gééré. Ó wọ 120 àti 240 náà. Ohun tí wọ́n tà fún ẹlẹ́ géèmù tún ṣe ẹni tó ń gé fídíò sinimá lóore.

Káàdì kì í yára bákan náà nígbà gbogbo. Bí ìyára rẹ̀ kò bá bá ti mọ́nítọ̀ mu, apá òkè àwòrán kan á hàn pẹ̀lú apá ìsàlẹ̀ òmíràn, bí ẹni pé ó ya láàárín. Nítorí ìyẹn ni Nvidia fi gbé G-Sync jáde ní 2013, tí AMD sì gbé FreeSync tirẹ̀ dé lẹ́yìn náà. Mọ́nítọ̀ á máa dúró de káàdì dípò kó máa sáré lọ. Nígbà kan, ẹni tó ní káàdì Nvidia gbọ́dọ̀ ra mọ́nítọ̀ tó ní ẹ̀rọ G-Sync nínú, owó gọbọi sì ni. Láti oṣù kìíní ọdún 2019, káàdì Nvidia ti ń bá ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ FreeSync ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí àmì yìí mú yín san àfikún lásán.

Ní ti "1 ms", ìyẹn mìlísẹ́kọ́ǹdì kan, ẹ fi ojú iyèméjì wò ó. Àkókò tí píksẹ́lì fi ń kúrò nínú àwọ̀ kan bọ́ sí òmíràn ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ lè mú ìyípadà tó yá jù nínú gbogbo rẹ̀ kó kọ ọ́ síta, tàbí kó wọ̀n ọ́n nígbà tí ètò tó ń ti píksẹ́lì sáré wà ní òkè pátápátá. Ní òkè yẹn, òjìji funfun á máa tẹ̀ lé gbogbo ohun tó bá ń sáré lójú mọ́nítọ̀. Ẹ fi ètò náà sí àárín. Bí wọ́n bá kọ MPRT mọ́ ọn, ọgbọ́n mìíràn ni: iná ẹ̀yìn ló ń ṣẹ́jú wéré-wéré, ojú mọ́nítọ̀ á sì ṣókùnkùn díẹ̀.

IPS, VA, OLED

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Lórí àtẹ, tí wọ́n ti tan gbogbo iná síbẹ̀ tí wọ́n sì ń fi fídíò òdòdó hàn, kò sí mọ́nítọ̀ tí kì í dára. Alẹ́, nínú yàrá yín, ni ẹ̀yà wọn á tó hàn.

Nínú irú ojú mọ́nítọ̀ mẹ́ta yìí, IPS ni òṣìṣẹ́ àwọ̀ ń fọkàn tán jù. Àwọ̀ rẹ̀ kì í yí padà bí ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, lẹ́tà orí rẹ̀ a máa mọ́. Àìlera rẹ̀ ni dúdú. Funfun rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju dúdú rẹ̀ lọ ní nǹkan bíi ìlọ́po 1000 péré, nítorí náà òru inú géèmù á dà bí eérú, ìmọ́lẹ̀ rírẹ̀ dòdò a sì máa yọ níbi igun. VA kò nírú wàhálà yẹn: 3000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni tirẹ̀, dúdú rẹ̀ dúdú. Ṣùgbọ́n píksẹ́lì rẹ̀ máa ń lọ́ra láti kúrò nínú dúdú, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ohun tó bá sáré kọjá nínú òkùnkùn á fa ìrù dúdú sẹ́yìn, àwọ̀ rẹ̀ sì ń yí bí ojú bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ rántí pé lórí ojú fífẹ̀, kò sí bí ẹ ṣe lè jókòó tí ẹ ò ní máa wo etí rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ìdí kan nìyẹn tí ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn VA fífẹ̀ fi tẹ̀ wọnú.

OLED ní tirẹ̀ kò ní iná ẹ̀yìn. Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ló ń tan iná ara rẹ̀; èyí tó bá yẹ kó dúdú á kú pátápátá. Kò sí ìrù, kò sí eérú. Láti 2022 tí irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní QD-OLED ti wọ inú mọ́nítọ̀ 34 íǹṣì fífẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́ géèmù ti ń rọ́ lọ síbẹ̀, mi ò sì bá wọn jà. Ìṣòro rẹ̀ wà nínú iṣẹ́. Sọ́fítíwíà àtúnṣe máa ń fi irin iṣẹ́ kan náà sí ibì kan náà láti àárọ̀ dalẹ́, ohun tó bá dúró lójú kan bẹ́ẹ̀ fún oṣù àti ọdún lè lẹ̀ mọ́ ojú OLED, kó má kúrò mọ́. Bí gbogbo ojú rẹ̀ bá tún funfun lẹ́ẹ̀kan, bíi ojú ìwé tí ẹ ń kọ, á rẹ iná rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Etí lẹ́tà lórí rẹ̀ náà lè ní àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, torí pé bí wọ́n ṣe to pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù rẹ̀ kò rí bí Windows ṣe rò pé ó rí. Bí ìmọ́lẹ̀ bá sì pọ̀ nínú yàrá yín, dúdú QD-OLED a máa pọ́n díẹ̀.

Bí wọ́n bá ní kí n yàn: ẹni tí wákàtí rẹ̀ pọ̀ jù lórí iṣẹ́, IPS. Ẹni tó jẹ́ pé géèmù alẹ́ ló pọ̀ jù, tó sì lówó rẹ̀, OLED. VA wà fún ẹni tó fẹ́ dúdú tó jinlẹ̀ tí owó rẹ̀ kò sì tó OLED, ṣùgbọ́n kó má ṣe fi í tún àwọ̀ fídíò oníbàárà ṣe.

Àwọ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà

sRGB ni òṣùwọ̀n àwọ̀ tí HP àti Microsoft gbé kalẹ̀ ní 1996, títí di òní òun ni fọ́tò orí íńtánẹ́ẹ̀tì ń tẹ̀ lé. Rec. 709 ti fídíò lásán kò jìnnà sí i. DCI-P3 gbòòrò ju méjèèjì lọ, sinimá ló ń lò ó. Adobe RGB sì wà fún ẹni tó ń tẹ fọ́tò jáde sórí ìwé. Àwọn tó ń ta mọ́nítọ̀ á wá kọ "125% sRGB" síta. Nọ́ńbà yẹn kò sọ pé ó gbé gbogbo sRGB. Ó kàn ń sọ pé àpapọ̀ àwọ̀ rẹ̀ pọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ bọ́ sí ibòmíràn. Ohun tí ẹ fẹ́ kà ni iye tó bo mọ́lẹ̀ nínú òṣùwọ̀n náà, kó sún mọ́ 100, kò sì lè ju 100 lọ.

Ọ̀fìn tó wà níbẹ̀ ni pé mọ́nítọ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ gbòòrò, tí ẹ kò bá kó o níjàánu, á sọ ohun gbogbo di pupa-foo. Awọ ara ènìyàn inú fọ́tò á dà bíi ti ẹni tí oòrùn pa. Ẹ̀yin náà á dín àwọ̀ náà kù títí ó fi dára lójú yín, ẹ ó fi ránṣẹ́ sí oníbàárà, òun á sì rí i lórí fóònù rẹ̀ bíi fọ́tò ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Nítorí náà, ẹ wò ó bóyá mọ́nítọ̀ náà ní ètò sRGB, kí ẹ sì wò ó bóyá ètò náà ṣì ń jẹ́ kí ẹ yí ìmọ́lẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ ló ń tì í pa. Nọ́ńbà Delta E tí kò tó 2 dára. Ó túmọ̀ sí pé ojú kò lè fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọ̀ tó yẹ kó jáde àti èyí tó jáde. Bó bá jẹ́ pé àwọ̀ lẹ fi ń jẹun, ẹ ra ẹ̀rọ tó ń wọn àwọ̀, kí ẹ máa fi tún mọ́nítọ̀ ṣe láti ìgbà dé ìgbà, torí pé mọ́nítọ̀ ń yí bó ṣe ń dàgbà. Kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì wà ní nǹkan bíi 100 sí 120 nits (nits ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ ojú mọ́nítọ̀) nígbà tí ẹ bá ń ṣàtúnṣe fọ́tò. Ìmọ́lẹ̀ tó bá pọ̀ jù á mú kí fọ́tò tí ẹ tẹ̀ jáde ṣókùnkùn.

HDR, ètò tó ń jẹ́ kí ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn nínú àwòrán jìnnà síra wọn gan-an, kò ní gba àkókò wa. VESA, ẹgbẹ́ tó ń gbé òṣùwọ̀n mọ́nítọ̀ kalẹ̀, tó gbé DisplayHDR jáde ní 2017, pín in sí ìpele, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e sì ni nits tó lè dé. Ìpele 400 kò béèrè pé kí iná ẹ̀yìn lè ṣókùnkùn níbì kan kó mọ́lẹ̀ níbòmíràn, àìsí ìyẹn sì ni kò jẹ́ kí ohunkóhun yàtọ̀ lójú. Ẹ kà á sí ìlẹ̀mọ́. Láti 1000 sókè, tàbí True Black tí wọ́n ń kọ sára OLED, ni ẹ ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ HDR.

Wáyà, títẹ̀, àti tábìlì

HDMI 2.0 kò lè gbé 3440×1440 ní 144 Hz. Ọ̀nà rẹ̀ há jù. DisplayPort 1.4 gbé e láìsí wàhálà. Ẹni tó bá ń lo láptọ́ọ̀pù kó wá mọ́nítọ̀ tó ní USB-C tó ń gbé àwòrán tó sì ń fún láptọ́ọ̀pù níná, 90 wáàtì bó bá ṣeé ṣe. Wáyà kan ṣoṣo, ó tán.

Nọ́ńbà tó ní R lẹ́yìn, bíi 1800R, ń sọ bí ojú rẹ̀ ṣe tẹ̀ tó. Bí ẹ bá fi ojú náà yí òbírí kan po, láti àárín rẹ̀ dé etí á jẹ́ mítà 1.8. 1000R tẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Lórí 34 íǹṣì, ó wu ènìyàn, kò wu ènìyàn, kò sí ìjà. Lórí 49, ẹ jẹ́ kó tẹ̀, torí etí rẹ̀ jìnnà sí ojú. Ẹni tó ń ya ilé, tí ìlà títọ́ ṣe pàtàkì sí, lè má fẹ́ràn rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ wọn tábìlì yín: fífẹ̀ rẹ̀, àti jíjìn rẹ̀ láti ògiri sí ibi tí ẹ jókòó sí, torí ẹsẹ̀ àwọn mọ́nítọ̀ fífẹ̀ máa ń yọ síwájú púpọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e kọ́ sórí apá irin, ẹ wò ó bóyá ihò mẹ́rin VESA wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé apá náà lè gbé ìwúwo rẹ̀. Ti 49 kì í ṣe ẹrù ọmọdé.

Mọ́nítọ̀ 27 íǹṣì méjì ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tí gbogbo èyí sú. Férémù á wà láàárín, kò sì ní dùn-ún gbá géèmù lórí méjèèjì pọ̀, àmọ́ ẹ lè dá ọ̀kan dúró fún fọ́tò ìdúró, kí ẹ fi IPS ṣe iṣẹ́, kí ẹ fi èyí tó yára gbá géèmù.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá tú páálí, ẹ lọ sínú ètò Display ti Windows, ní abala Advanced display, kí ẹ gbé Hz sókè fúnra yín. Ọ̀pọ̀ ló ti ra 144 tó sì ń lo 60 láìmọ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àwọ̀ kíkankíkan tí ilé-iṣẹ́ fi sí i. Lẹ́yìn náà ẹ fi àwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé, búlúù, funfun àti dúdú bo gbogbo ojú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá píksẹ́lì tó kú nígbà tí ẹni tó tà á fún yín ṣì ń gbà á padà.